Ọjọ́ Mẹ́ta Àáró Tí Mo Jẹ Lámídì

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Láti Lálúpọn ni mo ti ń kí ọ. Ara mi le bí ọmọ ọlọ. Orúnkún òsì nìkan ló máa ń bá mi jiyàn láàárọ̀, bí oòrùn bá sì ti mú díẹ̀, á gbà fún mi. Ìyá rẹ ló ń kọ ohun tí mò ń sọ yìí sílẹ̀. A ti jọ ṣe àdéhùn pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí ó ṣe kọ ọ́, nítorí tíṣà ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́ bí ó bá rí ọ̀rọ̀ tó wọ́. Ó ti gbà. Ẹ̀rín ló ń rín bí ó ṣe ń kọ èyí.

O ní kí n fi ohùn ránṣẹ́ padà lórí fóònù bí ìwọ náà ṣe fi ránṣẹ́. Mi ò fẹ́. Ohùn a máa bọ́ sọnù. Ìwé ni wàá lè mú jáde kà lọ́jọ́ tí àwọn ará abúlé yẹn bá mú ọ bínú, ọjọ́ náà yóò sì dé.

Kí n kọ́kọ́ yọ̀ ná. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ pé wọ́n fi ọ́ ṣe olórí nọ́ọ̀sì ní ilé ìgbẹ̀bí Abà Olóbì, lápá Akínyẹlé lọ́hùn-ún, mi ò lè jókòó sójú kan. Mo rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé wa, mo ní, "Wọ́n ti kó kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbẹ̀bí lé ọmọ mi lọ́wọ́." Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ fún wa láàárọ̀." Mo ní, "Tàárọ̀ nìyẹn. Tọ̀sán nìyí." Wọ́n bu gàrí gbígbóná fún mi, mo ń jẹ ẹ́ ní gbígbẹ bọ̀ wálé. Èmi tí mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹsẹ̀ adìẹ, ọmọ mi ló ń fi ọwọ́ gba ọmọ ènìyàn wá sáyé. Ọlọ́run ṣeun.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́, a gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. O ní òrùlé ibẹ̀ ń jò. O ní yàrá ìgbẹ̀bí kò gbà ju aláboyún kan lọ, bí ẹnì kejì bá sì ń rọbí, abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń dúró de àyè. O ní kí n fi bíríkìlà ránṣẹ́ láti Ìbàdàn kí wọ́n kọ́ yàrá tuntun mẹ́ta kí òjò tó dé, kí wọ́n sì kọ orúkọ mi sí iwájú rẹ̀. Mo ti ń mi orí, mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà náà ni o wá dé ibi tó ń dùn ọ́. O ní nígbà tí o sọ ọ́ fún àwọn ará abúlé, gbogbo wọn ló dúpẹ́, àfi arúgbó kan tó jẹ́ alága wọn, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Lámídì. Ó bi ọ́ pé, "Ọmọ Àjàní Lálúpọn ni ọ́?" O ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní, "Sọ fún un kó má fi owó ránṣẹ́. Sọ fún un pé ọkọ́ mi ṣì wà lẹ́nu ihò." Àwọn àgbà tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín, ojú sì tì ọ́.

O wá ní, "Bàbá, ta ni ọkùnrin yìí? Ọkọ́ wo ló ń sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe àwọn ọ̀gá tí ẹ mọ̀ kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Bí òjò bá ká wa mọ́ báyìí, obìnrin kan máa bímọ sínú omi."

Àbẹ̀ní, mi ò ní í pe ọ̀gá kankan, mi ò sì ní í fi bíríkìlà kankan ránṣẹ́. Má tíì bínú. Lámídì kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè láti ìgbà tí a kò tíì bí ọ, gbèsè náà kì í sì í ṣe ti owó. Ẹ̀yin ọmọ mi ń gbọ́ tí wọ́n ń pè mí ní Bàbá Oníwúrà. Ẹ mọ̀ pé mo wa wúrà nígbà èwe mi, ẹ sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọrọ̀ mi ti ṣẹ̀. Ìyókù ni mo gbé mì. Lónìí ni mo fẹ́ pọ̀ ọ́, kí o lè mọ irú ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò yẹn.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni bàbá mi ń gbìn, èmi sì ni olórí kunkun inú ilé. Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn ènìyàn ń wa wúrà nínú igbó lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, mo ní mò ń lọ. Bàbá mi ní, "Àjàní, ilẹ̀ tó ń bọ́ wa nìyí." Mo ní, "Bàbá, ilẹ̀ tó ń dán ni mò ń wá." Wọ́n ní, "Ilẹ̀ tó ń dán a máa yọ̀." Mo gbé ọkọ́, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Adégbàyí láti wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifẹ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti pàdé àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọ̀kan ni Gébúrẹ́lì, ọmọ Adégbàyí gan-an, ọmọ ìjọ Kérúbù, tó gbé agogo àdúrà rẹ̀ dání lọ sínú igbó wúrà. Ẹnì kejì ni Lámídì, ọmọ Abà Olóbì, pẹ̀lú ọkọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Àwa mẹ́ta la jọ jókòó lórí àpò ẹ̀wà lẹ́yìn ọkọ̀. Kí a tó dé Ifẹ̀, a ti di ọ̀rẹ́.

Iṣẹ́ wúrà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ilẹ̀ pupa lo máa kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà amọ̀, kí o tó kan òkúta wẹ́wẹ́ tí wúrà máa ń bá gbé. Ẹnì kan á wà nínú ihò, ẹnì kejì á máa fi garawa fa iyẹ̀pẹ̀ sókè, ẹnì kẹta á máa fi igbá ṣàn án nínú odò. Kò ṣeé dá ṣe. Ìdí nìyẹn tí a fi fi àáró ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ àáró mọ́. Bí mo bá bá ọ ro oko lónìí, ìwọ náà á bá mi ro tèmi lọ́la. Bí oko tèmi bá kún fún òkúta, tí tìrẹ jẹ́ yanrìn, kò kan ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kan ni ọjọ́ kan. Owó kì í wọ̀ ọ́. Bí ẹnì kan bá sì jẹ ẹlòmíràn ní àáró tí kò san án, wọn kì í pè é lẹ́jọ́, wọn kì í bá a jà. Wọ́n kàn máa ń gbé ọkọ́ sí ibi tí yóò ti máa rí i ni.

A mú igi ìgbálẹ̀ mẹ́ta, a ṣẹ́ wọn ní gígùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fa kúkúrú la ó kọ́kọ́ bá wa ihò tirẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ohun tí a bá sì rí nínú ihò ẹni, tẹni ni. Èmi ni mo fa kúkúrú, Gébúrẹ́lì tẹ̀lé mi, Lámídì ló kẹ́yìn. Gébúrẹ́lì lu agogo yí ihò mi ká, Lámídì ṣe bísímílà, èmi tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, a bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tó kù díẹ̀ kí a ṣíwọ́, Lámídì ló wà nínú ihò. A gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀: "Àjàní, ohun kan ń dán níbí o." Mo na ọwọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, wóró wúrà kan tó tó ẹ̀wà. Ó tún gbé òmíràn. Kí oòrùn tó wọ̀, ìgò abẹ́rẹ́ méjì ti kún. Ọmọ mi, òun nìkan ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ó lè fi ọ̀kan sábẹ́ ahọ́n. Ó lè fi méjì. Kò fi ẹyọ kan. Nígbà tó gòkè, amọ̀ ti bo ojú rẹ̀, eyín nìkan là ń rí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ó ní, "Olóríire, lọ fọ ọwọ́ rẹ, kí o má fi amọ̀ ba wúrà jẹ́."

A wa ti Gébúrẹ́lì fún ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tó lè ra kẹ̀kẹ́ kan ló rí, ó sì jó yí ihò ká. Ó wá kan Lámídì. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkùnrin tó máa ń ra wúrà gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé, ó ní òun ń padà sí ìlú lójú ẹsẹ̀.

Mo ní, "Lámídì, jẹ́ kí n bá a lọ tà á. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Gébúrẹ́lì ní, "Ọ̀la ti ta ni?"

Lámídì ní kó fi mí sílẹ̀. Ó sọ ọkọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ibi tí a fẹ́ gbẹ́, ó ní, "Máa lọ. Ọkọ́ mi ń bẹ lẹ́nu ihò, yóò dúró dè ọ́."

Mo ta wúrà. Mo ra bàtà. Àbẹ̀ní, bàtà yẹn ń dún bí mo bá ń rìn, kò-kò-kò, gbogbo ènìyàn ń bojú wẹ̀yìn. Mo ní irú bàtà báyìí kọ́ ni ènìyàn ń gbé wọ ẹrẹ̀, kí n sinmi di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀tunla. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ti wà ní Lálúpọn, mo ń fi bàtà rìn síwá sẹ́yìn níwájú ilé bàbá mi. Lámídì àti Gébúrẹ́lì dá gbìyànjú ihò náà, ṣùgbọ́n ẹni méjì ni wọ́n nídìí iṣẹ́ ẹni mẹ́ta. Òjò dé kí wọ́n tó kan òkúta wẹ́wẹ́, omi kún ihò dé ẹnu. Lámídì gbé ọkọ́ rẹ̀, ó padà sí Abà Olóbì ní ọwọ́ òfo. Gébúrẹ́lì ló wá sọ fún mi. Mo kó sínú yàrá, mo bọ́ bàtà.

Ìmọ̀ràn kìíní nìyẹn. Bí ènìyàn bá fi agbára rẹ̀ ràn ọ́ lọ́wọ́, fi agbára tìrẹ san án kí o tó wọ bàtà tuntun. Àwọn agbẹ̀bí àgbà wà ní abúlé yẹn tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí kí ìwọ tó mọ̀ pé obìnrin máa ń lóyún. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ́ ọ ní ohun tí ilé ìwé kò kọ́ ọ, má ṣe fi ẹ̀bùn pa á lẹ́nu mọ́. Wá ọjọ́ kan, kí o lọ bá a bó ẹ̀gẹ́. Yóò yé e.

Mo kúkú gbìyànjú láti fi owó pa Lámídì lẹ́nu mọ́. Owó wúrà ni mo fi ra ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ kan di mẹ́ta, ẹ̀rọ di ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ di ilẹ̀, ilẹ̀ di ilé Ọlọ́runṣògo ní Ìbàdàn, tí ẹ̀yin ọmọ ti lọ sí ilé ìwé. Bí mo bá ti sùn, ọkọ́ ni mò ń rí. Mo wá fi owó sínú àpò ìwé, mo fi rán ẹnì kan sí i. Ẹni náà padà dé pẹ̀lú àpò ìwé bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́, ó sì mú àkùkọ gàgàrà kan dání. Ó ní Lámídì kí mi, ó ní kì í ṣe owó ni mo yá lọ́wọ́ òun. Mo fi ìbínú jẹ àkùkọ yẹn tán. Ó dùn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo ra alùpùpù tuntun, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ó gùn ún yí abúlé ká lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó dára, ó rọ epo kún un, ó dá a padà.

O lè ní kí ló dé tí mi ò kàn dìde lọ wa ihò fún un fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Ìyá rẹ náà ti béèrè títí ó fi sú u. Agídí ni. Mo ń wò ó pé kí èmi, Bàbá Oníwúrà, tí àwọn ènìyàn ń dìde fún nínú ìpàdé, lọ tẹ̀ ba nínú ihò kí ará Abà Olóbì máa wò mí lẹ́yìn. Bí ọdún sì ti ń gorí ọdún ni ó ń le sí i. Ẹsẹ̀ tó bá pẹ́ nílẹ̀ a máa kú. Ọ̀rọ̀ tí ọjọ́ mẹ́ta lè parí ni, mo sì fi gbogbo ayé mi gbé e.

Èkejì. Èyí ni kí o fi etí sí dáadáa, torí òun ni ìdí tí mi ò fi fi bíríkìlà ránṣẹ́.

Nígbà tí owó dé, mo fẹ́ ṣe ìlú mi lóore. Omi ló ń yọ wá lẹ́nu nígbà náà, àwọn obìnrin ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò ní ìdájí. Mo lọ sí Ìbàdàn, mo kó àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n ri ẹ̀rọ omi, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n kọ orúkọ mi gàdàgbà sí i lára. Gbogbo ènìyàn wá, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á bù sí i." Mo padà lọ. Nígbà tí mo tún dé lẹ́yìn oṣù kan, ewúrẹ́ ló sùn sídìí ẹ̀rọ omi. Àwọn obìnrin ń kọjá lára rẹ̀ lọ sí odò.

Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń ti odò bọ̀, ó ru garawa. Mo mọ̀ pé tíṣà tuntun ni.

Mo ní, "Mísì, ṣé ẹ ò rí ẹ̀rọ omi ni?"

Ó ní, "Mo rí i, sà."

"Ṣé omi rẹ̀ korò ni?"

"Mi ò mọ̀, sà. Mi ò tíì tọ́ ọ wò."

"Kí ló dé?"

Ó sọ garawa kalẹ̀, ó wò mí tààrà, bí ó ṣe ń wò mí yìí gan-an bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Àwọn tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní omi yín ni. Wọ́n ní àwọn ò bá yín wa á. Èmi náà ò lè dá lọ pọn ọ́n, kí n wá gbé e wọ ilé wọn."

Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ ọ́n. Ní ilẹ̀ wa, bí a bá fẹ́ gbẹ́ kànga, agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló máa ń yọ ẹnì kan pẹ̀lú ọkọ́. Bí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi ọkọ́ kan ilẹ̀, ó ti di tirẹ̀. Arúgbó tí kò lè gbé ọkọ́ a máa fi ọwọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣojú mi ni bàbá mi ṣe máa ń ṣe é. Mi ò gbàgbé. Kí n sọ òótọ́ fún ọ: n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun bá mi wa á. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ náà ló sì rí: èmi nìkan ló ni ín, èmi àti ewúrẹ́. (Ìyá rẹ ní òun ti fa ìlà sábẹ́ ibẹ̀ yẹn. Mo ní kí ó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.)

Nígbà tó kan ilé ìwé, mo ti gbọ́n díẹ̀. Mo pe àwọn àgbà, mo ní mo ní sìmẹ́ǹtì, mo ní páànù, ṣùgbọ́n n kò ní ọwọ́. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ọwọ́ ò wọ́n wa." Ọjọ́ tí a ṣe ọ̀wẹ̀ ìpìlẹ̀, gbogbo ilé ló jáde. Àwọn ọkùnrin ń gbẹ́lẹ̀, àwọn obìnrin ń ru yanrìn láti odò, wọ́n ń se ẹ̀bẹ nínú ìkòkò ńlá lábẹ́ igi. Mo bọ́ agbádá, mo gba ṣọ́bìrì. Kò pẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ mi fi lé ròrò. Àwọn obìnrin rí i, wọ́n sì dá orin sílẹ̀ pé ọwọ́ oníwúrà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ fi ewé wé e fún un. Mi ò gbádùn ọjọ́ kan rí bí ọjọ́ yẹn. Tíṣà yẹn gbé omi wá fún mi, ó ní, "Ẹ mu omi, sà. Odò ni mo ti pọn ọ́n." Mo mu ún tán, mo ní kó tún bù wá. Igbá omi mélòó ni mo mu lọ́jọ́ yẹn kí n tó rí ohun tí mo fẹ́ sọ, ìyá rẹ ní kí n má sọ ọ́.

Lẹ́yìn ọdún kejì, ìjì gbé òrùlé ilé ìwé náà. Ìbàdàn ni mo wà. Nígbà tí mo gbọ́ tí mo fi sáré dé, wọ́n ti kan án padà. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò ránṣẹ́ sí mi. Káfíńtà wọn wò mí láti òkè òrùlé, ó ní, "Bàbá Oníwúrà, kí lẹ fẹ́ wá ṣe? Ilé ìwé wa ni." Mo ti fún ènìyàn ní ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi, ẹnikẹ́ni ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tó dùn mọ́ mi tó gbólóhùn yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi mọ ògiri yí ẹ̀rọ omi ká. Wọ́n mọ ọ́n. Wọ́n fi ẹfun pa orúkọ mi rẹ́, mo sì ń wò wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń mu omi rẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí mo bá kó bíríkìlà wá sí Abà Olóbì, yàrá mẹ́ta á dúró kí òjò tó dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé Àjàní ni wọn yóò máa pè é, ìwọ á sì di ọmọ Àjàní tó ń gbé inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá ní kí aláboyún má dúró sílé, kí ó tètè wá, abẹ́ igi máńgòrò ni yóò lọ. Ohun tí Lámídì ń dáàbò bò nìyẹn, yàtọ̀ sí pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Àwọn kéékèèké tó kù rèé, mi ò ní í kà wọ́n, torí ìyá rẹ ní mo ti ṣì í kà. Kí gbogbo ènìyàn láàárọ̀ kí o tó ṣí ilẹ̀kùn, títí kan ẹni tó bú ọ lánàá. Jẹ ohun tí wọ́n bá bù fún ọ. Bí iyọ̀ bá pọ̀ níbẹ̀, mu omi. Bí àṣìṣe bá ti ọwọ́ rẹ ṣẹlẹ̀, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wọn kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Bí wọ́n bá fi bàbá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́, bá wọn rẹ́rìn-ín. Má ṣe máa gbé kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbẹ̀bí kọ́rùn bí ẹni gbé ìlẹ̀kẹ̀. Fún obìnrin kan ní abúlé ní ìkejì rẹ̀, kó jẹ́ pé bí ìwọ kò bá sí nílé, ilẹ̀kùn á ṣí. Fún ọkọ rẹ ní àyè nínú ayọ̀ yìí, má jẹ́ kí iṣẹ́ nìkan jẹ ọ́ tán. Àti ohun tí mi ò kọ́ títí irun mi fi funfun: bí o bá ti mọ̀ pé o ṣẹ ènìyàn, lọ ní ọjọ́ kẹta. Má jẹ́ kó di ọdún kẹta.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí màá ṣe.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, mò ń bọ̀ ní Abà Olóbì. Sọ fún Bàbá Lámídì pé kó fi ẹsẹ̀ fa ìlà ibi tí ìpìlẹ̀ yàrá ìgbẹ̀bí máa gbà, kó jẹ́ ibi tó bá wù ú, kódà kó jẹ́ orí àpáta. Ihò rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ni màá fi gbẹ́ ẹ. Bí agbára mi kò bá ju ìwọ̀n apá kan lọ lójúmọ́, ìwọ̀n apá kan ni màá gbẹ́, ọjọ́ kan ṣì ni ọjọ́ kan. Kí ẹnikẹ́ni má gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi láti bá mi ṣe é. Kí wọ́n má ta àtíbàbà, kí wọ́n má gbé àga fún mi, kí wọ́n má pe mí ní Bàbá Oníwúrà. Àjàní ni kí ó pè mí.

Gébúrẹ́lì náà ń bọ̀ láti Adégbàyí. Mo ní, "Ìwọ ò jẹ Lámídì ní nǹkan kan." Ó ní, "Mo mọ̀. Mo fẹ́ wá wo ojú rẹ nínú ihò ni." Ó ní òun á gbé agogo wá.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta bá pé, màá bi Lámídì bóyá ó lè gba sìmẹ́ǹtì àti páànù lọ́wọ́ mi báyìí. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan yọ ọwọ́ jáde, kí wọ́n ru yanrìn, òrùlé á wà lórí rẹ̀ kí òjò tó dé. Bí ó bá ní rárá, màá wa ọjọ́ kẹrin. Màá máa wà á títí yóò fi sú u. Òun nìkan kọ́ ló mọ agídí ṣe.

Ọlọ́run tó fi wúrà sínú ilẹ̀ yóò fi ayọ̀ sínú iṣẹ́ rẹ. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ bá gbà kò ní í bọ́. Ẹsẹ̀ rẹ á tẹ ilẹ̀ tútù níbẹ̀. Mo ti sọ tán, ọwọ́ sì ti ń ro ìyá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àjàní

Àbẹ̀ní, èmi ìyá rẹ ni mo ń kọ èyí, kò mọ̀ pé mo fi kún un. Ó ti jáde lọ sẹ́yìn ilé. Láti ìjẹta ló ti ń gbẹ́ ihò kan níbẹ̀, tó ń dí i padà, tó tún ń gbẹ́ ẹ. Ọkọ́ bàbá rẹ̀ ló lọ yọ lókè àjà, ó ti pọ́n ọn lẹ́ẹ̀mẹrin. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó báyìí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Ra òróró tí wọ́n fi ń ra ẹ̀yìn sílẹ̀ dè é. Kí o ra méjì, torí mo mọ̀ pé Bàbá Lámídì kò ní í lè dúró máa wò ó. Á bọ́ sínú ihò náà bá a, ọmọ ọdún kan náà sì ni wọ́n.